Ara Tí Wọ́n Ń Yìn Ló Fẹ́ Pa Mí

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, tí ẹ ti bímọ tán, tí ọwọ́ yín sì ń tẹ́nu, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró lójú ọ̀nà bí ẹni pé ẹ̀ ń kí èèyàn, tó sì jẹ́ pé èémí ni ẹ̀ ń wá. Mo mọ̀ yín. Èmi náà ti kí gbogbo ará Kémta tán nítorí èémí. Délé, ọmọ mi obìnrin tó mọ̀wé, ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ti ń sọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ dídùn bò mí. Bó ti ṣẹlẹ̀ gan-an ni kó kọ ọ́.

Àṣàkẹ́ ni orúkọ mi, àmọ́ Ìyá Délé ni gbogbo ọjà mọ̀. Aláró ni ìyá mi, aláró ni èmi náà. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, èmi fúnra mi ni mo ń gún èlú, èmi ni mo ń ru omi láti odò, èmi ni mo ń ri aṣọ bọ inú ìkòkò aró, tí mo ń fún un, tí mo ń sá a. Apá mi le bí ọmọ odó nígbà náà. Nígbà tí Ọlọ́run bù sí iṣẹ́ ọwọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra aṣọ òyìnbó lọ́wọ́ àwọn tó ń ti Èkó bọ̀, mo sì di ẹni tó ń jókòó. Àwọn ìwọ̀fà ń gún èlú, àwọn ará ilé ń ru omi, èmi wà lórí àpótí nínú ìsọ̀ mi láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Gbogbo igbá oúnjẹ tó bá ń kọjá, mo máa pè é. Bí alákàrà bá lọ, elépà á dé. Bí elépà bá lọ, oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́ á dé, ọtí àgbàdo rẹ̀ yóò sì dùn mọ́ mi lọ́nà ọ̀fun bí oyin.

Bàbá Délé, ọkọ mi, wà lára àwọn tó ti Sàró dé. Káfíńtà ni. Ọwọ́ òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ tíì mímu. Òun a máa bu ṣúgà díẹ̀ sí tirẹ̀. Èmi a máa bu ṣúgà sí tèmi títí ṣíbí á fi fẹ́ dá dúró nínú ife. Bó bá wá di alẹ́, iyán ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí epo léfòó lórí rẹ̀, àti ẹran ìgbẹ́ tí mi ò kì í bá ẹnikẹ́ni pín.

Bí mo ṣe ń sanra, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yìn mí. "Ìyá Délé, ara yín mà ń dán o!" "Ìyá Délé, ẹ kú ìgbádùn!" Ìyàwó ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tilẹ̀ sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó máa wò mí dáadáa, kó lè mọ bí obìnrin tí ọkọ ń tọ́jú ṣe ń rí. Inú mi dùn. Ní ilẹ̀ wa yìí, ta ni yóò rí obìnrin tó kún ẹnu ọ̀nà tí yóò pè é ní aláìsàn? Ẹni tó rù là ń káàánú.

Àìsàn tèmi kò já wọlé bí olè. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Orúnkún ló kọ́kọ́ wí tirẹ̀. Bí mo bá dìde lórí àpótí, yóò ró gbì, mo sì ní láti di nǹkan mú. Lẹ́yìn náà, ìró mi kò yí mi ká mọ́, mo ní kí wọ́n rán méjì pọ̀, mo sì ń fi í yangàn. Ọ̀nà òkè tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Aké, tí mo ti ń sáré gùn nígbà kan, ó di ibi tí mo ti ń dúró, tí mo ń bi ẹni tí mi ò mọ̀ léèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, kí àyà mi lè rọ̀. Oorun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi lọ nínú ìsọ̀. Oníbàárà á mú aṣọ lọ́wọ́, á máa dúró kí n jí. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Ẹsẹ̀ mi ń wú lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, bí mo bá sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn, kò ní tètè kún. Mo fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ fún Bàbá Délé. Mo rò pé mo fi pamọ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi Abẹ̀ní, tó ń gbé ní Ìtókò, ló kọ́kọ́ rí ẹsẹ̀ mi. Àwa méjèèjì náà ló ṣẹ́kù nínú ọmọ ìyá wa. Ó bú sí igbe.

"Àṣàkẹ́! Ta lo ṣẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ṣẹ ẹnì kankan."

"Ẹsẹ̀ kì í ṣàdédé wú. Ọjà lò ń ná, o kò mọ ẹni tó ń ná ọ."

Ó mú oníṣègùn kan wá. Ọkùnrin náà sín gbẹ́rẹ́ sí mi ní orúnkún méjèèjì, ó ní kí n mú òbúkọ wá, mo mú un wá. Ó tún gbé àgbo kan kalẹ̀, ó ní yóò fọ gbogbo ohun tí wọ́n fi sí mi nínú. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó fọ̀ ọ́. Ìgbẹ́ gbé mi lọ gbé mi bọ̀ títí ẹsẹ̀ mi kò fi gbé mi mọ́, mo sì ṣubú lulẹ̀ nínú àgbàlá. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé mi wọlé. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni ru igi òrùlé. Ìtìjú yẹn dùn mí ju inú rírun lọ. Nígbà tí ara mi kọ́fẹ, gbogbo ohun tí mo ti ń jẹ náà ni mo padà sí, wọ́n tilẹ̀ ní kí n jẹ sí i kí n lè rí okun.

Bàbá Délé kàn ní, "Jẹ́ ká lọ rí òyìnbó." Nínú ọgbà àwọn oníwàásù ní Aké, òyìnbó kan wà tó máa ń fún èèyàn lóògùn láàárọ̀. A dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àmọ́ èrò ti kún. Ìyá tí ibà ń ba ọmọ rẹ̀ jà wà níbẹ̀, àgbẹ̀ tí sòbìyà ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, ọkùnrin kan di ojú rẹ̀ pa, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. A jókòó sórí ilẹ̀ lábẹ́ igi, à ń sún ìdí díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ti ń pe ẹni tó wà níwájú. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá sún, Bàbá Délé ló ń fà mí. Obìnrin kan bi mí pé, "Ìyá, ta lẹ mú wá?" Ó rò pé mo sin aláìsàn wá ni.

Nígbà tó kàn mí, òyìnbó náà fi igi kékeré kan tó ní ihò nínú, tó dà bí fèrè, sí àyà mi, ó gbé etí lé e. Ó pẹ́ kó tó gbé etí kúrò. Ó sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ sì bi mí: "Ó ní kí lẹ jẹ lánàá, láti àárọ̀ dé alẹ́?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ògbufọ̀ náà ń túmọ̀ rẹ̀, ó ń túmọ̀ rẹ̀, nígbà tí mo dé ibi ẹran ìgbẹ́, ó dákẹ́, ó ní, "Ìyá, ṣé ìwọ̀nyí ṣì jẹ́ ti ọjọ́ kan náà?" Àwọn tó wà lẹ́yìn mi bú sẹ́rìn-ín.

Òyìnbó náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò ní oògùn tí òun máa fún mi. Ó ní ọkàn mi ń ru ẹrù èèyàn méjì, ó sì ti ń rẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n yé bu ṣúgà, kí n yé mu ọtí àgbàdo, kí n dín epo kù, kí n dín iyán kù, kí n má jẹun mọ́ bí oòrùn bá ti wọ̀, kí n sì máa fi ẹsẹ̀ rìn lójoojúmọ́ títí òógùn yóò fi bò mí. Ó ní bí mi ò bá ṣe é, kí ọkọ mi máa múra sílẹ̀.

Mo bínú débi pé mo gbàgbé láti dúpẹ́. Ṣé torí ìbáwí ni mo ṣe jí lóru, tí mo sún ìdí lórí ilẹ̀ bí ọmọ ìrákòrò? Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó pòṣé. Ó ní, "Ẹni tí ara rẹ̀ rí bí igi ìdáná, kí ló mọ̀ nípa ara? Jẹun rẹ, jàre." Mo sì jẹun mi.

Ohun tó yí mi lọ́kàn padà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó. Láyé ìgbà yẹn, etí wa kì í sinmi ọ̀rọ̀ ogun Dàhòmì. Wọ́n ti wá lẹ́ẹ̀kan, àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà, gbogbo wa sì mọ̀ pé wọ́n tún ń bọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a gbọ́ ìró ìbọn, igbe sì ta: "Wọ́n ti dé! Wọ́n ti dé!" Ọjà tú ká. Àwọn ọkùnrin sáré lọ síbi odi, Bàbá Délé bá wọn lọ. Àwọn obìnrin àti ọmọdé kọrí sí òkè, sáàárín àpáta. Délé pọn ọmọ rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, a bọ́ sọ́nà.

A kò tíì rìn jìnnà tí àyà mi fi dì. Ojú mi ṣú. Mo jókòó sórí òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mi ò sì lè dìde mọ́.

Mo ní, "Délé, máa lọ."

Ó ní, "Mi ò lọ, ìyá mi."

"Gbé ọmọ rẹ lọ, mo ní!"

"Bí ẹ bá dìde, à ń lọ nìyẹn. Bí ẹ ò bá dìde, ibí la wà."

Mo bú u. Mo gbá a létí, lójú gbogbo èèyàn tó ń sá kọjá, nítorí mo rò pé bí inú bá bí i, yóò lọ. Kò lọ. Ó tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó jókòó tì mí lórí òkúta náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lọ́mú. Ọmọ náà ń mu ọmú, ó ń fi ọwọ́ kan gbá ojú mi. Àwọn èèyàn ń sá, eruku ń sọ, àwa mẹ́ta jókòó síbẹ̀, à ń retí ogun.

Ogun kò dé. Àwọn ọdẹ ló ń yìnbọn níbi òkú ọ̀kan nínú wọn, ẹnìkan tó ti oko bọ̀ ló sì gbé igbe. Kí oòrùn tó rẹlẹ̀, gbogbo èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín ara wọn bọ̀ wálé. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ká ní òótọ́ ni, ẹran ara mi ni ì bá pa ọmọ mi àti ọmọ ọmọ mi.

Nígbà tí Bàbá Délé ti ibi odi dé, mo wí fún un pé, "Ohun tí òyìnbó yẹn sọ, mo fẹ́ ṣe é."

Ó jókòó, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀rù láti bá ọ sọ ọ́. Bí o bá sùn, mo máa ń dúró gbọ́ bóyá o ṣì ń mí." Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mi ò fi nǹkan kan pamọ́ fún un.

Mi ò ní tàn yín, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ korò. Tíì láìsí ṣúgà, bí omi ewúro ló rí. Mo gbé àwo ńlá mi kúrò, mo ń fi igbá kékeré tí ọmọdé fi ń jẹun bu oúnjẹ. Láàárọ̀, ẹ̀kọ kan àti ẹ̀wà. Lọ́sàn-án, ẹ̀fọ́ tí a kàn fi epo kan ẹnu rẹ̀, pẹ̀lú ẹja odò. Kí oòrùn tó wọ̀, díẹ̀ sí i, ó tán. Mi ò pa iyán tì pátápátá, ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, àmọ́ mo sọ ọ́ di oúnjẹ ọjọ́ ìsinmi, òkèlè rẹ̀ sì kéré. Bí alákàrà bá ń kọjá, mo máa ń di imú. Ó bínú sí mi, ó rò pé mo sọ pé àkàrà òun ń rùn.

Ní ti ìrìn, àgbàlá ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo rìn yí i ká, mo jókòó, mo tún dìde. Nígbà tó yá, mo lọ títí dé ẹnu ọ̀nà ọjà, lẹ́yìn náà dé odò. Àárọ̀ kùtù ni mo ń lọ, kí oòrùn tó mú, kí ojú èèyàn tó pọ̀. Mo wá padà sídìí aró. Mo gba ọmọ odó lọ́wọ́ àwọn tó ń gún èlú, wọ́n wólẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ mí, wọ́n rò pé iṣẹ́ wọn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ní kí wọ́n dìde, pé odó ni mo wá. Mo gún un, èémí mi gé, mo sinmi, mo tún gún un. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi ò gún tó ìkúnwọ́ kan. Alẹ́ ọjọ́ náà, mo sùn bí òkúta, mi ò sì jí láti wá omi mu.

Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ń gbéyàwó, wọ́n gbé iyán síwájú mi, mo ní tọ́wò lásán ni. Tọ́wò yẹn dé ìsàlẹ̀ àwo. Mo mu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ lé e. Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ mi ti wú, mo sì dùbúlẹ̀, mo ń sunkún pé kò sí ohun tó lè gbà mí mọ́. Bàbá Délé ní, "Ẹni tó bá kọsẹ̀ lọ́nà Èkó, ṣé ilé ló ń padà sí? Á gbọn yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù, á máa lọ." Mo dìde, mo gbọn yẹ̀pẹ̀ nù.

Bí òjò ṣe dé tó sì lọ, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Wọ́n tú ojú rírán ìró mi, ó padà di méjì. Mo ń sùn lóru, mo ń lajú lọ́sàn-án. Mo rò pé gbogbo èèyàn yóò bá mi yọ̀ ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Délé ń rù o." Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́jà nìyẹn, wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí mo bá yọ. Àwọn kan ní ọjà mi ti wó. Àwọn kan ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, wọn kò fẹ́ fọwọ́ kan aṣọ tí mo bá ti fọwọ́ kàn. Àwọn tó burú jù ní ọkọ mi, nítorí ó ti gbé Sàró, ti fẹ́ obìnrin mìíràn síbì kan, ebi ló sì ń fi pa mí. Ìsọ̀ mi, tí wọ́n ti ń dúró de mi kí n jí lójú oorun nígbà kan, ó wá dá páropáro.

Ẹ̀gbọ́n mi Abẹ̀ní kó ẹbí jọ. Àbúrò bàbá wa tó dàgbà jù, tí à ń pè ní Bàbá Ìjẹ̀mọ̀, jókòó sórí ẹní, ó sì ní kí wọ́n pe ọkọ mi. Bàbá Délé dọ̀bálẹ̀.

Bàbá Ìjẹ̀mọ̀ ní, "Àna wa, ọmọ tí a gbé fún ọ, ó kún, ó ń dán. Èyí tí mo ń wò yìí, níbo lo ti rí i?"

Bàbá Délé ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, òun náà ni. Ara rẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi fò dìde. "Irọ́ ni! Omi gbígbóná kíkorò ló ń fún un mu láàárọ̀! Mo fi ojú mi rí i!"

Èmi kò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò bá wọn lára mu. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹni tó fi ebi pa mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé àwo kúrò níwájú mi." Mo sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ òkúta yẹn fún wọn, bí Délé ṣe jókòó tì mí pẹ̀lú ọmọ. Bàbá Ìjẹ̀mọ̀ ní kí ọkọ mi dìde nílẹ̀. Ó wá ní òun ti gbọ́, kí a ṣì máa wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ tirẹ̀. Ó di ẹrù rẹ̀, ó kó wá sílé mi, ó ní òun fúnra òun ni yóò máa sè fún mi.

Ó sè. Ọbẹ̀ tí epo ń ṣàn nínú rẹ̀. Iyán tó funfun bí òwú. Bí mo bá kọ̀ ọ́, ẹkún ni. Bí mo bá jẹ díẹ̀, ó ní mo ń fi òun ṣẹ̀sín. Agbára mi fẹ́ pin, torí òùngbẹ iyán yẹn kò tíì kúrò lára mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo mú ìborùn mi, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi lọ sí Aké."

A gun ọ̀nà òkè náà. Mi ò dúró kí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a dé ìdajì, òun ló ní kí n dúró, ó sì jókòó sórí gbòǹgbò igi kan, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Èmi wà lórí ìdúró, èémí mi ń lọ jẹ́jẹ́. Ó wò mí. Ó wò mí títí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Àṣàkẹ́, o kò rántí Àkànní?"

Mo mọ̀ pé a ní àbúrò ọkùnrin kan tó kú nígbà tí ogun tú ilé wa àtijọ́, ká tó dé abẹ́ Olúmọ. Ọmọdé ni mí nígbà náà, wọn kò sì sọ bó ṣe kú fún mi rí.

Ó ní, "Ẹ̀yìn mi ló wà. Ìyá gbé ọ, èmi gbé e. A kò rí nǹkan kan jẹ nínú igbó yẹn ju ewé lọ. Eegun ọrùn rẹ̀ yọ síta, gẹ́gẹ́ bí tìrẹ ṣe yọ yìí. Ó dákẹ́ ẹkún, mo rò pé ó ti sùn ni, mo tilẹ̀ dúpẹ́. Mo rìn títí, mo ń rọra rìn kí ó má baà jí." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Láti ìgbà tí eegun ọrùn rẹ ti yọ, ẹ̀yìn mi ń wúwo. Òru kan ò sí tí mi ò gbé e."

Gbogbo epo tó ti ń dà sínú ọbẹ̀, gbogbo "jẹun rẹ, jàre", mo wá mọ ibi tó ti ń bọ̀. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí ọ̀nà, mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé àyà mi.

Mo ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń lù. Ṣé ó ń sáré?"

Ó tẹ́tí sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń lọ sọ́jà ń yà fún wa, wọ́n ń kọjá.

Ó ní, "Kò sáré."

"Ebi kò pa mí, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń jẹun. Mo kàn fẹ́ pẹ́ lọ́dọ̀ yín ni."

Ó nu ojú rẹ̀, ó fun imú. Ó wá béèrè pé, "Kí ni kí n máa sè fún ọ?"

"Ẹ̀fọ́."

"Ẹ̀fọ́ lásán?"

"Ẹ fi ẹja sí i."

Ó ní, "Ẹja ńlá o." A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì, títí ó fi ní láti tún sinmi.

Láti ọjọ́ náà ni òun gan-an ti di ẹni tó ń gbèjà mi. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ lọ́jà pé mo ń ṣàìsàn, yóò ní kí ẹni náà wá bá mi gun òkè. Ojú àwọn oníbàárà náà là díẹ̀díẹ̀. Wọ́n rí mi tí mo ń ru ẹrù aṣọ mi fúnra mi, wọ́n rí i pé mi ò húkọ́, wọ́n padà. Kì í ṣe gbogbo wọn. Àwọn kan ṣì ń káàánú mi títí di òní, mo sì máa ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣeun.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí fún yín. Ẹ má mu àgbo afọnú nítorí àti rù. Mo ti fẹ́ kú sínú àgbàlá nítorí rẹ̀. Ẹ má sì fi ebi pa ara yín lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń gbààwẹ̀, ebi yóò gbẹ̀san. Ẹ dín in kù, kí ẹ sì máa rìn, kí ẹ fi sùúrù sí i. Àwọn ará ilé yín yóò bínú. Kí ẹ tó bá wọn jà, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ní ti ara mi báyìí, mi ò tíì tín-ínrín, mi ò sì fẹ́ tín-ínrín. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì máa ń wí tirẹ̀ bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Òùngbẹ yẹn ti lọ, ẹsẹ̀ mi kì í wú mọ́. Mo máa ń rìn dé oko wa lọ́nà Kọ́bapẹ́, mo ń sùn níbẹ̀ mọ́jú, mo sì ń rìn padà. Aró ti padà sí abẹ́ èékánná mi, kò ṣeé fọ̀.

Délé bí ọmọ kejì ní ọ̀sẹ̀ yìí, obìnrin ni. Nígbà tó bí àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi ló bá wa wẹ̀ ẹ́, torí mi ò lè jókòó nílẹ̀ kí n sì dìde. Láàárọ̀ òní, mo gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ kalẹ̀, mo jókòó sórí àpótí kékeré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo tẹ́ ọmọ náà sórí wọn. Mo fi kànrìnkàn wẹ̀ ẹ́, mo nà án lápá, mo nà án lẹ́sẹ̀, ó figbe ta, ó ń fi ẹsẹ̀ ta omi sí mi lójú. Délé na ọwọ́ sí mi láti fà mí dìde. Mo ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Mo gbé ọmọ mọ́ àyà, mo sì dìde.